Ṣé a lè ṣe fóònù Linux ní Ṣágámù? Ìdáhùn sí akọ̀wé rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tiwa ní Ìjẹ̀bú-Òde ń dá owó jọ, a sì fẹ́ fi í dá iṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wa. Ọ̀kan nínú wa tí ó ní ilẹ̀ lẹ́bàá oríta Ṣágámù dá a lábàá pé kí a máa ṣe fóònù tí ó ń lo Linux (sọ́fítíwíà tí ń darí ẹ̀rọ, tí ó wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni láti lò àti láti tún ṣe), tí kò sí lábẹ́ Google tàbí Apple, kí a má sì gbára lé Ṣáínà fún ohunkóhun. Ó ní iléeṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ti ń ṣe irú rẹ̀ nílùú wọn. Ṣé ó ṣeé ṣe níbí? Kí ni ẹni tí ó bá rà á yóò jèrè, kí ni yóò sì pàdánù?

Ìdáhùn: Akọ̀wé, mo kí ẹ̀yin àti gbogbo ẹgbẹ́. Ohun tí ọmọ ẹgbẹ́ yín gbọ́ kì í ṣe irọ́, àmọ́ ẹni tí ó sọ ọ́ fún un kò sọ ọ́ tán. Iléeṣẹ́ tí ó ń sọ ni Purism, fóònù náà sì ni Librem 5. Ní 2017 ni wọ́n gbé àbá rẹ̀ síta, tí wọ́n ní kí ẹni tí ó bá wù san owó sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é. Mílíọ̀nù dọ́là 1.5 ni wọ́n ń wá, ohun tí wọ́n rí gbà sì lé ní mílíọ̀nù 2. Oṣù kìíní 2019 ni wọ́n dá pé fóònù yóò tẹ àwọn olówó lọ́wọ́. Wọ́n fi díẹ̀díẹ̀ ránṣẹ́ ní ìparí ọdún náà, ṣùgbọ́n oṣù kọkànlá 2020 ni èyí tí wọ́n ṣe lọ́pọ̀ yanturu tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ti sanwó ní 2017 sì dúró ju ọdún mẹ́ta lọ kí tiwọn tó dé. Ẹgbẹ́ tí ó ń fi owó àjọ ṣe òwò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ìyẹn yẹ̀ wò, nítorí pé àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kì í sì í ṣe òpè nídìí iṣẹ́ wọn.

Oríṣi méjì ni fóònù náà. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n tò pọ̀ ní Ṣáínà. Ìkejì, tí wọ́n kéde rẹ̀ ní oṣù kejìlá 2019 ní dọ́là 1,999, tí wọ́n ń pè ní Liberty Phone lónìí, ni wọ́n ń ṣe bọ́ọ̀dù rẹ̀, pátákó pẹlẹbẹ tí àwọn ṣíìpù jókòó lé lórí, ní Carlsbad ní ìpínlẹ̀ California. Bọ́ọ̀dù ni mo sọ o, akọ̀wé. Késìn rẹ̀ àti bátìrì rẹ̀ ṣì ń ti Ṣáínà wá, ṣíìpù tí ó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀ sì jẹ́ ti NXP, iléeṣẹ́ àwọn ará Netherlands. Òfin Amẹ́ríkà kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sí ara ọjà pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, àfi bí gbogbo rẹ̀ tàbí èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀ bá ti ibẹ̀ wá; ìdí nìyẹn tí Purism fi ń ṣọ́ ẹnu, tí wọ́n ń sọ pé ẹ̀rọ inú rẹ̀ ni ti Amẹ́ríkà. Mo fẹ́ràn ìṣọ́ra yẹn. Níbí, bí ẹnìkan bá ti lẹ orúkọ tirẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn fóònù tí ó ti parí láti ibi tí ó ti wá, a ti máa ń pariwo pé òun ni ó ṣe é.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ yín má bi ara wọn pé ṣé a lè ṣe fóònù nílé. Ẹ bèèrè pé apá wo nínú fóònù ni ẹ fẹ́ ṣe nílé, kí ẹ sì mọ iye tí apá kọ̀ọ̀kan ń ná ènìyàn. Ṣíìpù, síkíríìnì àti kámẹ́rà kò sí nínú ọ̀rọ̀ wa rárá. Iléeṣẹ́ tí ń ṣe ṣíìpù ń gba ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù dọ́là, Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ń fi owó ìjọba bẹ àwọn ènìyàn kí wọ́n wá kọ́ ọ sí ọ̀dọ̀ wọn. Ohun tí ó kù ni títo nǹkan sórí bọ́ọ̀dù, ṣíṣe késìn, dídì í pọ̀, sọ́fítíwíà, yíyẹ̀ ẹ́ wò, àti títún un ṣe. Èyí àkọ́kọ́ ni ọkàn ọmọ ẹgbẹ́ yín lọ sí, òun náà ni ó sì le jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ti ń ṣe é gan-an.

Bọ́ọ̀dù tí kò tíì ní nǹkan kan lórí yóò wọ abẹ́ pẹlẹbẹ irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ti lu ihò sí ní gbogbo ibi tí ẹsẹ̀ ṣíìpù yóò wà. Ẹ̀rọ yóò fa lẹ́ẹ̀dì (ohun tí a ń yọ́ láti fi lẹ ṣíìpù mọ́ bọ́ọ̀dù) tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n pò bí òróró, kọjá lórí irin náà, kí ó lè bọ́ sí ojú ihò nìkan. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rọ mìíràn yóò máa fi afẹ́fẹ́ fa àwọn nǹkan kéékèèké láti inú róòlù, tí yóò máa gbé wọn lé orí bọ́ọ̀dù; òmíràn nínú wọn kò ju mílímítà 0.6 ní gígùn àti 0.3 ní fífẹ̀ lọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ó sì ń gbé láàárín wákàtí kan. Bọ́ọ̀dù náà yóò wá wọ inú ààrò gígùn kan tí ó ní yàrá bíi mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, tí ooru yàrá kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Yóò máa gbóná díẹ̀díẹ̀, yóò kọjá 217 ní ìwọ̀n Celsius, níbi tí lẹ́ẹ̀dì ìgbàlódé ti ń yọ́, yóò dé nǹkan bíi 245, yóò sì tún tutù ní ìwọ̀n tí wọ́n là sílẹ̀ fún un. Ṣíìpù NXP tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, i.MX 8M, ní ẹsẹ̀ tí ó lé ní 600 lábẹ́ ikùn rẹ̀, tí ojú kò lè rí lẹ́yìn tí ó bá ti jókòó. Àwòrán ẹ̀rọ tí ń rí inú egungun ní ọsibítù, irú ti iléeṣẹ́, ni wọ́n fi ń wò ó bóyá gbogbo rẹ̀ ti di ara wọn mú.

Ohun méjì ló wà ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tí ó máa ń bá iṣẹ́ yìí jà. Èkíní ni iná. Bí iná bá lọ nígbà tí bọ́ọ̀dù 20 wà nínú ààrò, ẹ̀rọ tí ń fà wọ́n lọ yóò dúró, ooru yóò sì kù lórí wọn. Àwọn bọ́ọ̀dù yẹn kò ní jẹ́ ohun tí ẹ lè tà fún ènìyàn mọ́, bí jẹnẹrétọ̀ tilẹ̀ gbé e láàárín ìṣẹ́jú kan. Àfi kí ẹ ní ínfátà tí ó lè gbé ààrò fúnra rẹ̀, kì í ṣe gílóòbù àti fáànù, èyí sì jẹ́ owó ńlá. Èkejì ni ọ̀rinrin, èyí tí àwọn ènìyàn kì í kà sí. Ṣíìpù máa ń wá nínú ọ̀rá tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Èyí tí ó wọ́pọ̀ nínú wọn, bí ẹ bá ti tú ọ̀rá náà, wákàtí 168 ni ó ní kí ó tó wọ ààrò, ìyẹn sì jẹ́ nínú yàrá tí ooru rẹ̀ kò ju 30 lọ, tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò sì ju ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ̀yin náà mọ bí ojú ọ̀run Ìjẹ̀bú ti máa ń rí láti oṣù karùn-ún títí dé oṣù kẹwàá. Bí omi bá ti wọ inú ṣíìpù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i, ooru ààrò yóò sọ ọ́ di èéfín omi gbígbóná, ṣíìpù yóò sì là ní inú. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni yóò kú lọ́jọ́ náà. Òmíràn yóò ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ oníbàárà kí ó tó dákẹ́, orúkọ ẹgbẹ́ yín ni yóò sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

A lè ṣẹ́gun méjèèjì. Owó ni wọ́n ń gbà, àti àwọn òṣìṣẹ́ tí ó mọ ẹ̀rọ náà tọkàntọkàn, tí wọ́n lè gbọ́ ìró rẹ̀ kí wọ́n mọ̀ pé ẹnu kan ti dí. Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní Amẹ́ríkà pàápàá, tí ó jẹ́ pé ẹ̀rọ wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ìyẹn wà lára ohun tí ó mú kí fóònù tiwọn wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó tún wọ́n ju owó òṣìṣẹ́ lọ ni kíkéré iye. Ẹni tí ń ra síkíríìnì mílíọ̀nù kan àti ẹni tí ń ra 500 kì í san iye kan náà, ọ̀pọ̀ olùtà kò tilẹ̀ ní dá ẹni tí ń ra 500 lóhùn. Irin tí a ó fi máa rọ késìn, bóyá ẹ ó ṣe fóònù ọgọ́rùn-ún tàbí ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún, iye kan náà ni: dọ́là 10,000 kò tó nǹkan kan nínú rẹ̀ bí ó bá jẹ́ irin tí yóò pẹ́. Dọ́là sì ni gbogbo èyí. Láti oṣù kẹfà 2023 tí wọ́n ti jẹ́ kí náírà máa wá iye rẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́jà, ẹni tí ó bá kó ohun èlò wọlé ní oṣù kìíní tí ó sì ń tà ní oṣù kẹfà ti mọ ohun tí mo ń sọ.

Ẹ má sì rò pé ẹlòmíràn kò tíì gbìyànjú ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Iléeṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Mara ṣí ibi tí wọ́n ti ń ṣe fóònù ní Kigali ní Rwanda, ó sì tún ṣí òmíràn ní Durban ní Gúúsù Áfíríkà, nínú oṣù kẹwàá 2019 kan náà, pẹ̀lú àwọn ààrẹ orílẹ̀-èdè níbi ayẹyẹ. Nígbà tí ó fi máa di 2022, ti Durban ti kógbá wọlé. Fóònù wọn dára fún iye tí wọ́n ń tà á, Android sì ni, tí gbogbo áàpù ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Síbẹ̀ nǹkan bíi dọ́là 130 sí 190 ni wọ́n ń tà á, ní ọjà tí àwọn fóònù láti Ṣáínà tí kò tó bẹ́ẹ̀ kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Tiyín yóò gbówó lórí ju ìyẹn lọ, kò sì ní ní Google.

Èyí gbé wa dé ìbéèrè yín kejì. Ohun tí ẹni tí ó bá ra fóònù Linux ń jèrè kò kéré. Ara Librem 5 ní bọ́tìnnì mẹ́ta tí ń já iná kúrò lára ẹ̀rọ fúnra rẹ̀: ọ̀kan fún Wi-Fi àti Bluetooth, ọ̀kan fún ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ọ̀kan fún kámẹ́rà àti ohun tí ń gbọ́ ohùn. Bí ẹ bá ti pa á, kò sí sọ́fítíwíà tí ó lè jí i. Ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ jẹ́ káàdì tí ó dá dúró, tí a lè yọ kí a fi òmíràn sí i. Kò sí nínú ṣíìpù kan náà pẹ̀lú ọpọlọ fóònù gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú èyí tí ó pọ̀ jù lọ lára àwọn fóònù tí a ń lò, nítorí náà ohun tí ó ń ṣe ní ìkọ̀kọ̀ kò lè tojú bọ inú ìrántí fóònù. Bátìrì rẹ̀ ṣeé fi èékánná yọ. PureOS, Linux tí ó wà lórí rẹ̀, ti ara Debian wá, Linux kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tọ́jú káàkiri ayé, tí ó túmọ̀ sí pé yóò máa gba àtúnṣe lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí ẹni tí ó ta Android fún yín ti gbàgbé fóònù yín.

Àdánù rẹ̀ náà ń bẹ níwájú ènìyàn gbangba. Nítorí pé wọ́n fẹ́ ṣíìpù tí ìwé rẹ̀ wà ní ìta, tí NXP sì ṣèlérí láti máa tà fún ọdún púpọ̀, wọ́n gba èyí tí kò yára: ọpọlọ mẹ́rin tí ń ṣiṣẹ́ pọ̀, irú Cortex-A53, ní 1.5GHz, pẹ̀lú gígábáìtì 3 péré fún ìrántí, 4 nínú Liberty Phone. Ó máa ń gbóná, ó ń jẹ iná, nítorí náà wọ́n fún un ní bátìrì 4,500 mAh, fóònù náà sì nípọn tó mílímítà 15, ó wúwo ju gíráàmù 260 lọ. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, ó ṣòro kí ó lo ọjọ́ kan tán fún ẹni tí ń pe ènìyàn dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá lẹ́yìn tí fóònù jáde kí kámẹ́rà rẹ̀ tó ya àwòrán tí ènìyàn lè fi hàn. Ẹ kò ní fi ya Ojúde Ọba. PinePhone, fóònù Linux mìíràn tí iléeṣẹ́ Pine64 ṣe, tí àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020 ní nǹkan bíi dọ́là 150, tún lọ́ra ju ìyẹn lọ, àmọ́ ẹni tí ó rà á mọ̀ pé ohun ìkọ́ṣẹ́ ni òun rà.

Ti ọ̀dọ̀ wa ní pàtàkì, báǹkì ni ìṣòro. Fóònù Linux lè gbé Android kékeré kan sínú ara rẹ̀ pẹ̀lú Waydroid, WhatsApp sì lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bí ẹ bá ní sùúrù. Ṣùgbọ́n áàpù báǹkì púpọ̀ máa ń bèèrè lọ́wọ́ Google bóyá fóònù tí òun wà lórí rẹ̀ jẹ́ èyí tí Google fọwọ́ sí, bí ìdáhùn bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ yín. Ohun tí ó kù ni kóòdù oníràwọ̀ tí a ń tẹ̀ láti fi owó ránṣẹ́, èyí tí àwọn fóònù wọ̀nyí lè ṣe. Ìyá tí ń ta aṣọ ní Òkè-Àjẹ, tí àwọn oníbàárà ń fi owó ránṣẹ́ sí láti àárọ̀ di alẹ́, tí ó sì gbọ́dọ̀ rí i lójú ẹsẹ̀ pé owó ti wọlé kí ó tó di ẹrù fún wọn, kò lè gbé ayé pẹ̀lú ìyẹn, mi ò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó tà á fún un. Ibi kan wà tí ó rọrùn fún wa ju Amẹ́ríkà lọ. Nígbà tí wọ́n pa 3G níbẹ̀ ní 2022, fóònù tí kò lè pe ènìyàn lórí 4G di aláìwúlò. Níbí, 2G àti 3G ṣì ń ṣiṣẹ́, ìpè yóò sì máa wọlé láti Ìpẹru títí dé Ìjẹ̀bú-Igbó. Kí ẹ ṣáà rí i pé káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹ bá rà jẹ́ èyí tí ó ń gbọ́ ìgbì tí àwọn iléeṣẹ́ wa ń lò. Àwọn káàdì tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà nìkan wà lọ́jà.

Kí ni mo wá rò pé ó yẹ kí ẹ ṣe? Wọ́n ń ra ẹ̀gẹ́ wá láti ibòmíràn, síbẹ̀ gàrí tí wọ́n bá fi ṣe ní Ìjẹ̀bú, gàrí Ìjẹ̀bú ni í jẹ́, nítorí pé inú rírẹ̀ àti dídín ni ìmọ̀ náà wà. Nínú fóònù tí ohun gbogbo nípa rẹ̀ wà ní gbangba, bọ́ọ̀dù ni ẹ̀gẹ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn tí ń ṣe é lójoojúmọ́ ṣe é. Purism àti Pine64 ti gbé dáyágíráàmù bọ́ọ̀dù wọn síta fún gbogbo ayé, ohun tí àwọn oníṣẹ́ fóònù wa kì í rí gbà, àfi kí wọ́n ra èyí tí ẹnìkan jí gbé. Ọmọ tí ó bá fi dáyágíráàmù yẹn kọ́ iṣẹ́ fún ọdún kan, tí ó mọ ibi tí iná ti ń wọ̀ àti ibi tí ó ti ń pín, yóò lè tún irú fóònù mìíràn ṣe pẹ̀lú. Iṣẹ́ nìyẹn, kò sì nílò ààrò, kò nílò ilẹ̀ lẹ́bàá oríta. Ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìjẹ̀bú-Òde tó, pẹ̀lú mákirosíkóòpù, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbígbóná àti iná oòrùn tí kì í ṣẹ́jú.

Sọ́fítíwíà ni ìkejì, èyí ni inú mi dùn sí jù. Kíbọ́ọ̀dù tí ń hàn lójú Librem 5 ni wọ́n ń pè ní Squeekboard. Fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n fi ń to lẹ́tà rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Àgọ́-Ìwòyè tàbí Ìjagun lè jókòó ní òpin ọ̀sẹ̀ kan kí ó to ẹ, ọ àti ṣ pẹ̀lú àmì ohùn wọn síbẹ̀, láì tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tí ń ṣe é kí ó di ti gbogbo ènìyàn. Ẹ gbìyànjú irú rẹ̀ lórí iPhone kí ẹ wò ó.

Kò tilẹ̀ pọn dandan kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fóònù tuntun. Àwọn tí ń ṣe postmarketOS láti 2017 ti mú kí Linux máa ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android àtijọ́, OnePlus 6 ti 2018 sì wà lára èyí tí ó dára jù nínú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ohun gbogbo lára rẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ ra tòkunbọ̀ díẹ̀, kí àwọn ọmọ fi sọ́fítíwíà sí i, kí wọ́n lò ó fún oṣù mẹ́fà, kí wọ́n máa kọ gbogbo ohun tí ó bá kọ̀ sílẹ̀. Owó tí ẹ bá pàdánù níbẹ̀ kò ní tó ohun tí ẹgbẹ́ ń ná sí aṣọ fún ọdún kan, ẹ ó sì ti mọ̀ bóyá àwọn ọmọ tí ẹ ń torí wọn ṣe é fẹ́ iṣẹ́ náà ní tòótọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ dídì fóònù pọ̀ níbí lè wáyé: kí bọ́ọ̀dù, késìn àti síkíríìnì wọlé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ dì wọ́n, kí ẹ yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, kí ẹ sì fi sọ́fítíwíà tiyín sí i. Ìgbà náà ni ilẹ̀ Ṣágámù yóò wúlò, nítorí pé ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn àti ọ̀nà Benin pàdé níbẹ̀. Àwọn tí mo bá fẹ́ kí ó rà á ní ìbẹ̀rẹ̀ ni iléèwé tí ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, agbẹjọ́rò, oníròyìn, àti iléeṣẹ́ tí ó fẹ́ ẹ̀rọ kékeré fún kíka ọjà tàbí gbígba orúkọ, tí kò nílò áàpù báǹkì rárá. Wọn kò pọ̀, ẹ kọ iye wọn sílẹ̀ kí ẹ tó pe onílẹ̀.

Kí ẹ tó kó ẹyọ kan wọlé fún títà, ẹ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àjọ NCC tí ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ fóònù, nítorí pé fóònù tí ó ń lo síìmù gbọ́dọ̀ gba àṣẹ wọn kí ó tó wọ ọjà, àjọ SON tí ń rí sí ojúlówó ọjà náà sì ní tirẹ̀ lórí ohun tí ó bá ń ti òkèèrè bọ̀. Bí ẹ bá ń fi orúkọ tiyín sí i, ẹ ó tún nílò nọ́ńbà IMEI tiyín, èyí tí a fi ń dá fóònù kọ̀ọ̀kan mọ̀: nínú nọ́ńbà 15 náà, ọ̀dọ̀ GSMA, ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lágbàáyé, ni 8 àkọ́kọ́ ti ń wá, wọn kì í sì í fún ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀. Olùtà kan lè sọ fún yín pé òun yóò fi IMEI fóònù mìíràn sí i fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ kọ̀ ọ́, kí ẹ sì wá olùtà mìíràn lọ́jọ́ náà gan-an.